Nígbà Tí Bàbá Mi Ń Jẹ́ Bàbá Lọ́yà

Bàbá Tóyìn ni gbogbo àdúgbò wa ní Mówè mọ bàbá mi sí tẹ́lẹ̀. Tóyìn ni ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí ilé, èmi ni mo tẹ̀lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún tó wà láàárín wa pọ̀ débi pé àwọn àlejò máa ń rò pé òun ló bí mi. Alhaja tó ń ta sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ló kọ́kọ́ pe orúkọ tuntun náà, ní ọjọ́ tí Àǹtí Tóyìn di ẹrù lọ sí yunifásítì aládàáni láti lọ kọ́ òfin. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀, ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì kún ìró rẹ̀, ó ní, "Bàbá Lọ́yà! Ẹ kú oríire o. Ẹ má gbàgbé wa o, tí ayé bá ti gbà yín tán." Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alhaja, ẹ ní sùúrù, ọmọ ò tíì wọ kíláàsì." Ṣùgbọ́n mo rí i tó fọwọ́ tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Kí oṣù náà tó parí, àwọn ọmọ tó ń pọnmi pàápàá ti ń kí i bẹ́ẹ̀, ìyá mi sì ti di Ìyá Lọ́yà, láìtíì fojú kan ẹ̀wù dúdú kankan nínú ilé wa.

Lọ́dọ̀ wa, orúkọ ọmọ ni à ń fi pe òbí. Kò yà mí lẹ́nu nígbà náà, kò sì yà mí lẹ́nu báyìí tí wọ́n ń fi orúkọ ọmọ tèmi náà pè mí. Ohun tí mo wá ń rò ní ọjọ́ orí tí mo wà yìí ni pé bí wọ́n bá fi orúkọ ọmọ pè ọ́, ọmọ náà ti wà nílẹ̀, gbogbo ayé rí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi iṣẹ́ tí ọmọ náà kò tíì ṣe pè ọ́, wọ́n ti yá ọ ní nǹkan kan nìyẹn, ìwọ àti ọmọ lẹ ó sì jọ san án. Alhaja kò ní ibi lọ́kàn o. Àdúrà ló ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àwọn tó gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀.

Mushin la ti kó wá sí Mówè, nítorí bàbá mi ní òun kò ní sanwó ilé fún lánlọ́ọ̀dù kankan mọ́ láyé òun. A kò tíì rẹ́ ilé náà nígbà tí a wọ inú rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù lásán ni à ń wò nínú àti níta, yàrá ẹ̀yìn kò sì ní fèrèsé, pákó ni wọ́n fi dí i. Bẹ́ẹ̀, wẹ́dà ni bàbá mi, òun ló ń jó irin sí fèrèsé gbogbo àdúgbò. Ìyá mi a máa fi èyí ṣe é ní yẹ̀yẹ́, á ní kí ó wá wẹ́dà gidi lọ. Láàárọ̀, ìró àkọ́kọ́ tí mò ń gbọ́ ni ti garawa tó ń ba etí kànga, lẹ́yìn náà ni ti ẹ̀rọ ìjórin bàbá mi ní ìsọ̀ rẹ̀ tó wà níwájú ilé, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀fàdà. Ẹ̀rọ náà á máa kùn hùùù, iná á sì máa ṣẹ́jú nínú ilé nígbàkígbà tó bá fi irin kan irin. Títí di òní, bí iná bá ṣẹ́jú nílé mi, inú mi á kọ́kọ́ dùn kí n tó rántí pé kò sí wẹ́dà nítòsí. Ìyá mi ní tirẹ̀ ń ta ìrẹsì. Á lọ rà á lọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ̀ ọ́ ní Ọ̀fàdà, á gbé e wálé, èmi àti òun á jókòó sórí ẹní, àtẹ lórí itan, a ó máa ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì ní Èkó ló ń rà á. Wọ́n fẹ́ òórùn ìrẹsì Ọ̀fàdà, wọn kò fẹ́ òkúta rẹ̀. Àwa fúnra wa kì í sábà jẹ ẹ́. Gààrí tí ìyá bàbá mi ń fi ránṣẹ́ láti Ifọ̀ ni à ń jẹ, bí kò bá jẹ́ ẹ̀bà, a jẹ́ mímu.

Kì í ṣe pé Àǹtí Tóyìn kò mọ̀wé. Léraléra ló ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì ìjọba, máàkì rẹ̀ wọlé, orúkọ rẹ̀ kò jáde. Ìgbà tó tún yá, àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọn yóò padà. Àsìkò náà gan-an ni àwọn yunifásítì aládàáni ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ bí olú. Bàbá mi bá kọngílá kan jó irin sí fèrèsé ọ̀kan nínú wọn, ó sì rí ibẹ̀: koríko tí wọ́n gẹ̀ dọ́gbadọ́gba, omi ẹ̀rọ, àwọn ọmọ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí kò ní àbàwọ́n. Nígbà tó padà wálé, kò lè jẹun tán. "Iná kì í lọ níbẹ̀," ló ń sọ fún ìyá mi. "Mo ní iná kì í lọ!" Ìyá mi ní kó kọ́kọ́ jẹ ẹ̀bà rẹ̀ kó tó tutù.

Ó lọ béèrè iye tí wọ́n ń gbà, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé. Àṣìṣe oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Nínú iṣẹ́ bàbá mi, bí òbí bá mú ọmọ wá kọ́ṣẹ́, ọ̀gá àti òbí á dúnàádúrà, wọ́n á mu mínírà lé e lórí, iye tí ẹnu wọn bá sì kò lé ní ọjọ́ náà ni iye náà títí ọmọ á fi ṣe fírídọ́ọ̀mù. Ọ̀gá tó bá tún béèrè owó mìíràn láàárín, olè ni wọ́n ń pè é. Bàbá mi bá akápò ilé-ìwé náà jókòó, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó dín in kù. Akápò rẹ́rìn-ín, ó yọ díẹ̀ kúrò nínú owó ibùsùn, bàbá mi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ó kúkú mọ̀ pé ọdọọdún ni wọ́n ń san án. Ohun tí kò wá sí i lọ́kàn ni pé iye náà lè máa gòkè nígbà tí ọmọ ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ó ti wo ohun tó ń wọlé fún un, ó ti wo ìrẹsì ìyá mi, ó rí i pé bí a bá fún ìgbànú, a ó kojú ẹ̀. Òótọ́ ló sì rí, bó bá jẹ́ pé iye náà dúró sójú kan.

Mi ò ní purọ́, orúkọ náà dùn mọ́ wa nílé. Ní Mówè ìgbà náà, ẹjọ́ ilẹ̀ ni oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́. Ẹni tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá lónìí, ọmọ á tún wá tà á fún ẹlòmíràn lọ́la. Àwọn ènìyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé ilẹ̀ wọn wá sí ìsọ̀ bàbá mi, pé kí Bàbá Lọ́yà bá àwọn wò ó. Bàbá mi á bọ́ gọ́gù ojú rẹ̀, á nu ọwọ́, á ka ìwé náà bíi pé ó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Nígbà kan tí Àǹtí Tóyìn wálé fún ọlidé, ó sọ fún wa nídìí oúnjẹ pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Látìn tí àwọn olùkọ́ òun fẹ́ràn, némò dáàtì, pé kò sí ẹni tó lè fúnni ní ohun tí kò ní: ẹni tó bá ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, afẹ́fẹ́ ló tà. Bàbá mi ní kí ó tún un sọ. Ó ní kí ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹjọ́ tí kò fi gbólóhùn yìí dá. Ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láti Àgbàdo, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ti lù ní jìbìtì, tẹ́tí sí i títí, ó wá béèrè pé, "Bàbá Lọ́yà, Némò yẹn, ṣé òun ló ta ilẹ̀ náà gan-an? Kí n mọ ibi tí mo ti máa wá a lọ." Ìyá mi sá wọlé lọ rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín rárá, ó ní kí ọkùnrin náà má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé Némò kò sí nítòsí.

Nígbà tí Àǹtí Tóyìn wọ ìpele kejì, owó gòkè. Bàbá mi lọ bá akápò láti rán an létí àdéhùn wọn, akápò tuntun ló bá níbẹ̀. Ẹni yẹn ní, "Àdéhùn wo, Bàbá? Ẹ lọ wo pátákó." Bàbá mi wo pátákó, ó padà wálé, ó ta jẹnẹrétọ̀, ó san án. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ọdún tí mi ò lè gbàgbé, torí owó tún gòkè, èyí tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí jẹnẹrétọ̀ mìíràn láti tà. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ó fi ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀ dúró, Alhaja sì ṣe onídùúró fún un. "Ẹni tó bí lọ́yà kì í sá lọ," ni Alhaja sọ fún wọn, wọ́n sì gbà. Orúkọ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n yá a ní owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èlé bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí owó. Nínú ìkòkò wa, ẹran kọ́kọ́ di pọ̀nmọ́, pọ̀nmọ́ di ẹja ṣáwá, nígbà tó yá, ṣáwá náà di òórùn. Ìyá mi ń ṣa òkúta ìrẹsì títí ojú á fi máa ro ó, ó sì ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, wá láti Ifọ̀ pẹ̀lú àpò gààrí àti èèpo ẹ̀gúsí tó ní a máa fi dáná. Ó wo inú ìkòkò, ó dé e padà. Ó pe bàbá mi ní orúkọ rẹ̀, torí òun nìkan ló lè pè é bẹ́ẹ̀ nínú ilé. "Ṣẹ́gun, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ilé-ìwé tí ẹ̀ ń sọ yìí, mi è rí irú ẹ̀ rí. Kí ló dé tí owó rẹ̀ ń dàgbà ju ọmọ lọ?" Bàbá mi ní, "Ìyá mi, mo gbọ́ pé ẹ̀yin náà ti ń jẹ́ Ìyá Àgbà Lọ́yà ní Ifọ̀." Ìyá Àgbà rọra yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ kiri fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu ni. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn lẹ́nu kọ́ là ń jẹ yó." Ó sùn sọ́dọ̀ wa títí ọ̀rọ̀ náà fi bú gbàmù.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni Àǹtí Tóyìn sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú báàgì rẹ̀, nígbà tó yẹ kó wà lẹ́nu ìdánwò. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi ní ìsọ̀, kò dìde. "Dádì, wọn ò jẹ́ kí n wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Wọ́n ní ó ku owó." Bàbá mi ti san èyí tó rí nínú owó ọdún náà, ó rò pé wọn yóò ní sùúrù fún ìyókù. Ó wo apá ibi tí ìsọ̀ Alhaja wà, ó ní, "Dìde nílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, ọlidé ni." Bẹ́ẹ̀ náà ló rí, kò pẹ́ tí Alhaja fi nahùn lórí ògiri, "Lọ́yà wa! Wọ́n ti fún yín ní ọlidé?" Àǹtí Tóyìn ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó wọlé, ó jókòó sórí àpò ìrẹsì, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Inú bí mi sí ilé-ìwé náà lọ́jọ́ yẹn, inú ṣì ń bí mi sí i. Wọ́n gba owó bàbá mi, wọn kò sì gba ọmọ rẹ̀ wọlé.

Nígbà tí a jẹun tán lálẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi ní ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Ìbafò ní ọjọ́ Sátidé láti wá ra ẹ̀rọ ìjórin. Yóò fi owó rẹ̀ san ìyókù, Tóyìn yóò padà lọ, òun yóò sì lọ máa bá ọ̀gá mìíràn ṣiṣẹ́ ojúmọ́. Gbogbo wa mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn ló ń bọ́ wa. Àǹtí Tóyìn ló dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ kéré gan-an. "Dádì, ẹ̀rọ tí ẹ ti fi dúró lọ́wọ́ ẹgbẹ́? Bí wọ́n bá wá gbé e tí wọn ò bá a ńkọ́? Alhaja ni wọ́n máa mú." Bàbá mi ní ìyẹn kò kàn án. Àǹtí Tóyìn ní, "Ó kàn mí, sà. Némò dáàtì. Kì í ṣe ohun tó ṣì wà lọ́wọ́ yín láti tà."

Bàbá mi gbé ife omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Mo rò pé yóò gbá a létí. "Ṣé torí kí o lè wá fi bá mi ṣẹjọ́ ni mo ṣe rán ọ lọ?" Àǹtí Tóyìn ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jẹ́ kí n kúrò níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ti ìjọba wà. Kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ padà mọ́, Dádì, mi ò lè máa jókòó sí kíláàsì kí n máa ro ohun tí ẹ̀ ń jẹ nílé." Nígbà tí bàbá mi máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ owó kọ́ ló sọ. Ó ní, "Kí wá ni wọ́n á máa pè mí?"

Mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìyá mi ló dá a lóhùn, kò gbójú kúrò lára àtẹ ìrẹsì: "Ohun tí wọ́n ń pè yín tẹ́lẹ̀ ni, Bàbá Tóyìn. Ó pé ọdún mélòó kan tí ẹ fi jẹ́ ẹ, kò sì pa yín." Bàbá mi dìde, ó jáde lọ jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ kejì, kò jó irin kankan.

Nísinsìnyí, olùkọ́ àgbà ni Àǹtí Tóyìn ní ilé-ìwé kan ní Ifọ̀, àwọn òbí níbẹ̀ bọ̀wọ̀ fún un gan-an. Owó tí a ti san fún yunifásítì náà, kò padà, wọn kò sì fún un ní ohunkóhun tó lè fi hàn pé ó débẹ̀ rí ju káàdì ìdánimọ̀ kan lọ. Gbèsè ẹgbẹ́, ìgbà tí èmi ń parí sẹ́kọ́ńdìrì ni bàbá mi tó san án tán. Èmi ní tèmi, yunifásítì ti ìjọba ni mo lọ, pẹ̀lú gbogbo ìdaṣẹ́sílẹ̀ rẹ̀, mo pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà mìíràn, bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá rí agbẹjọ́rò nínú ẹ̀wù rẹ̀ lójú títì ní Abẹ́òkúta, ẹ̀gbọ́n mi á fi ojú sìn ín lọ díẹ̀, kí ó tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Mi ò jẹ́ kí ó mọ̀ pé mo ń rí i. Ó dùn mí, ó sì dun òun náà, kò sí bí a ṣe fẹ́ sọ ọ́ kó má dunni. Ọmọ tèmi náà ti ń sún mọ́ àtiwọ yunifásítì báyìí. Bí mo bá ti débi tí wọ́n ti ń sọ iye owó fún mi, ìbéèrè mi kan náà ni: "Ṣé iye yìí ló máa jẹ́ títí tó fi máa jáde?" Wọ́n á wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti oko.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, ọkùnrin Ìbafò náà dé pẹ̀lú ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù àti àwọn tó máa bá a gbé ẹ̀rọ. Bàbá mi jáde sí i, ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Mi ò tà á mọ́." Ọkùnrin náà pariwo, ó ní kí wá ni òun máa ṣe sí epo tí òun sun wá. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́, ó wá nǹkan díẹ̀ fún un, ọkọ̀ náà yí padà. Àwọn obìnrin ti pé sídìí kànga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Alhaja, gbogbo wọn ló ń wò. Alhaja fúnra rẹ̀ jáde, ó ní, "Bàbá Lọ́yà, ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé kò sí o?"

Bàbá mi lè kàn dáhùn pé kò sí. Gbogbo wa là ń retí pé ohun tó máa sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ṣí fìlà rẹ̀, ó rìn dé iwájú Alhaja, ó sì sọ̀rọ̀ sókè débi pé gbogbo àwọn tó ń pọnmi gbọ́: "Alhaja, Tóyìn ò ní padà sí ilé-ìwé yẹn mọ́. Owó wọn ti ju agbára mi lọ. Gbèsè tí ẹ dúró fún, màá san án, ẹ̀rọ mi rèé. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má pè mí ní Bàbá Lọ́yà mọ́." Ẹni tó ń fa garawa dúró, kò fà á mọ́. Ìtìjú bá mi, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Alhaja ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú bí bàbá mi kò bá san án, ó sì lè sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ó tún gèlè rẹ̀ wé. Ó ní, "Bàbá Tóyìn, ẹ kú àárọ̀."

"Ẹ kú àárọ̀, Alhaja," ni bàbá mi wí, ó sì lọ tan ẹ̀rọ rẹ̀.

Mo sáré wọlé láti lọ sọ fún Àǹtí Tóyìn, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní, ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ní kí n bá òun pa ilẹ̀kùn dé. Ó dùbúlẹ̀, ó sì sùn títí di ọ̀sán, Ìyá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń lé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Láti ìgbà tó ti wọ ilé-ìwé yẹn, mi ò rí i kó sùn bẹ́ẹ̀ rí.